Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Inú Dúróà Mi

Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ ẹnu mi pa àbúrò mi. Bí àwọn oníbàárà bá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń sọ fún wọn pé àìsàn ló ṣe é, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú òótọ́ náà tí mo máa ń gbé mì bí egungun ẹja, tó sì ń gún mi lọ́fun láti ọjọ́ náà. Ó ti tó kí n tu ú síta.

Aṣọ ni mò ń rán ní Màsífá, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni mo gbé ẹ̀rọ mi sí, ibẹ̀ náà ni mò ń jókòó tí mo fi ń rí gbogbo ẹni tó ń kọjá, tí gbogbo wọn náà sì ń gbọ́ ohùn mi. Ẹnu mi kì í sinmi, mi ò jiyàn. Àbúrò mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí ìyá wa kú. Èmi ni mo tọ́ ọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrun kíkí, èmi ni mo gé èékánná rẹ̀, èmi ni mo mú un lọ sílé ọkọ. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ó ti tán lọ́dọ̀ tiẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ní òjò ń rọ̀ láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, yóò sáré lọ ká aṣọ. Èmi a máa rẹ́rìn-ín, inú mi a sì máa dùn pé mo tọ́ ọmọ, ọmọ gbẹ̀kọ́.

Ọkọ rẹ̀ wà ní Àbíjàn, bí ọ̀pọ̀ ọkọ àdúgbò wa. Wọ́n bí i síbẹ̀ ni. Yorùbá rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n Faransé a máa yọjú láàárín rẹ̀ bí òkúta inú ẹ̀wà. Nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ pé oṣù márùn-ún, ó fi í ránṣẹ́ sí mi kó lè bímọ lọ́dọ̀ mi. Ó ní òun ò mọ ẹlòmíràn tí òun lè fi í lé lọ́wọ́.

Ẹ̀jìgbò ló ti ń lọ gba àyẹ̀wò aboyún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní oògùn pupa kan báyìí tó ń fún aboyún lẹ́jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń lò ó, ara rẹ̀ ń dán, kò sí wàhálà.

Ó di oṣù keje, ó lọ síbi àyẹ̀wò lọ́jọ́ kan tí èmi ò lè bá a lọ, nítorí aṣọ ilé-ìwé tí àwọn ọmọ fẹ́ fi wọlé ló kún tábìlì mi dé òkè. Ọ̀sán ló dé. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó yọ náílọ̀n kékeré méjì nínú báàgì. Ọ̀kan ni oògùn pupa tí a mọ̀. Èkejì jẹ́ oògùn aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ìgbà mẹ́ta lójúmọ́.

Ó ní, "Àǹtí mi, wọ́n tún fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Nọ́ọ̀sì so aṣọ mọ́ mi lápá, ó tún un so lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n lọ tọ̀ sínú ike. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ga jù. Ó ní kí n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ mi ṣeré, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ̀jẹ̀ mi ti ga jù. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Mo mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n àìsàn àwọn àgbàlagbà ni lójú tèmi, ti àwọn tí ìrònú ń bá fínra. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀ dalẹ́, kí ló kàn án níbẹ̀? Mo gbé ṣísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo wo náílọ̀n méjèèjì. Mo ní, "Àmù tó ti kún, ta ló ń pọnmi sí i? Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù lára ẹ, wọ́n tún ń fún ẹ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ oríṣi méjì. Kó wọn wá."

"Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì ní kí n má fi ṣeré o."

"Èmi náà ò fi ṣeré, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó wọn pamọ́. Nọ́ọ̀sì ló tọ́ ẹ ni, àbí èmi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kó wọn fún mi. Mo ṣí dúróà ẹ̀rọ mi, mo tì wọ́n sábẹ́ àwọn òwú àti bọ́tìnnì, ó sì wọlé lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìjà, kò sí àríyànjiyàn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn obìnrin tó ń kọjá ní ìbejì ló wà níbẹ̀, èmi náà sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Mo yá a ní bàtà mi, bàtà mi náà kò gbà á. Tó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ a kún, mo ní oyún bá a lára mu, ó ń sanra. Orí ń fọ́ ọ, mo ra parasítámọ̀ fún un. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní kó padà wá pé, mo ní kó jẹ́ kí n rán aṣọ ilé-ìwé tán ká jọ lọ, kí èmi fúnra mi lè bi wọ́n pé irú oògùn wo ni wọ́n ń há fún ọmọ mi.

Ọkọ rẹ̀ pè láti Àbíjàn. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tansiọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó tansiọ́n rẹ̀ o."

Níbí, tí ẹnì kan bá ní o ń fún òun ní tẹ́ńṣọ̀n, ó túmọ̀ sí pé o ń yọ ọ́ lẹ́nu, o ò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo ní, "Tẹ́ńṣọ̀n wo? Ta ló ń fún un ní tẹ́ńṣọ̀n nínú ilé mi? Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò ní tẹ́ńṣọ̀n kankan." Ó ní, "Kò ní i? Àlùhámúdùlílà." Ó pè lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́sẹ̀ náà, ó tún bi mí, inú sì bí mi gidi. Mo ní ṣé ó rò pé mò ń fi ìyà jẹ ìyàwó òun ni. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo gbà á.

Ọjọ́ kẹwàá tí oògùn ti wà nínú dúróà ni nǹkan ṣẹlẹ̀. A ti kírun Àílà tán. Mò ń rán apá ẹ̀wù kan, òun jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "Àǹtí mi, nǹkan kan ń tàn yinrin yinrin lójú mi." Mo ní oòrùn ni, kó sún sí inú. Ó ní abẹ́ ìhà ń dun òun. Mo ní ọmọ ló ń ta ẹsẹ̀. Mo tún tẹ ẹ̀rọ mi. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìró abọ́ ẹ̀gúsí tó dà sílẹ̀.

Ojú rẹ̀ ti yí sókè, funfun nìkan ló kù. Eyín rẹ̀ pàdé, apá rẹ̀ ká wọnú, gbogbo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, ikùn rẹ̀ sì ń fò sókè bí ẹni pé wọ́n ń fà á. Ìfófòó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo pariwo. Àwọn èèyàn ti dé. Ẹnì kan ní wárápá ni, ká má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀. Ẹnì kan gbé ṣíbí dé, ó fẹ́ fi la eyín rẹ̀, mo gbá a lọ́wọ́. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní tì í, mo gbá a mú, mo fi ìbòrí mi nu ẹnu rẹ̀. Mo ń pè é ní orúkọ tí ìyá wa ń pè é, tí mi ò pè láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú. Ẹ̀rù bà mí débi tí n kò mọ ìgbà tí mo tọ̀ sára.

Ọkùnrin aládùúgbò wa kan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó iṣu láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló gbé wa. Wọ́n kó iṣu sílẹ̀ láìka iye, a tẹ́ àbúrò mi sẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ara rẹ̀ ti dẹ̀ nígbà náà, ó ń hanrun, ó la ojú, kò mọ̀ mí. Láti Màsífá dé Ẹ̀jìgbò kò jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rò pé wọ́n ti gbé ìlú kúrò níbi tó wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké Yáásín, mo gbàgbé ibi tó kàn. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún gbàgbé.

Ní ilé ìwòsàn tó ti ń gba àyẹ̀wò náà, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà á lọ́wọ́ wa, obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ọwọ́ rẹ̀ yá. Wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fa itọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n so aṣọ mọ́ ọn lápá. Nọ́ọ̀sì wo ohun tó rí, ó pe dókítà. Ó wá bi mí láìwojú mi pé, "Oògùn wo ló ń lò?"

Mo dá a lóhùn bí ẹni tó ń jíṣẹ́ rere. Mo ní, "Kò lo ìkankan, mà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, mo ti dá gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró láti ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ìyá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi ipá sáré nínú iṣan ni. Ọ̀kan nínú oògùn yẹn ló ń mú un rọlẹ̀. Èkejì ló ń fún un lẹ́jẹ̀. Ó nílò méjèèjì." Kò jágbe mọ́ mi. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá rí nǹkan fi fèsì, nítorí mo mọ ìjà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kọ́ lọ̀ràn náà wá bá.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ nínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fún un ní méjì ńláńlá ní ìdí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ibi tó wà, ó kérora. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ náà máa ń ta bí ata, ṣùgbọ́n òun ni kò ní jẹ́ kí gìrì náà padà wá. Wọ́n tún fún un ní òmíràn tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ ríru náà wálẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ lójijì, torí ọmọ. Wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lójú ara kí wọ́n lè máa wo ìtọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì mú òòlù rọ́bà kékeré kan, ó fi kan orúnkún àbúrò mi. Ẹsẹ̀ náà ta díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa." Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní abẹ́rẹ́ ìdí yẹn dáa, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù lára, yóò mú gbogbo iṣan sùn, títí kan èyí tí a fi ń mí. Orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Bí orúnkún bá ṣì ń ta, kò tíì pọ̀ jù.

Láti ìgbà náà, orúnkún ni mò ń wò. Orúnkún tí mo fi epo pa nígbà tó ń rákò, tó fi ṣubú lẹ́yìnkùlé wa, tí àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí òòlù bá ti lọ sókè ni èmi náà kì í mí.

Dókítà ní oògùn kankan ò lè wo àìsàn náà tán níwọ̀n ìgbà tí oyún bá ṣì wà nínú, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde. Oṣù kẹjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Àwọn àgbà wa ní ọmọ oṣù mẹ́jọ kì í dúró, mi ò sì láyà láti sọ ọ́ jáde. Wọ́n ní ká pe ọkọ. Mo pè é, mo gbé e sórí ohùn gbangba kí nọ́ọ̀sì náà lè gbọ́. Ó gbọ́ ìró ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tansiọ́n rẹ̀ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ló dá a lóhùn kí n tó lanu. Àwọn tó ti Àbíjàn dé pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Faransé. Ó ní, "Tansiọ́n rẹ̀ ga púpọ̀, sà. Òun ló fa gìrì."

Ọkọ rẹ̀ sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ní i." Kò bá mi jà. Ó ní kí wọ́n ṣe ohun tó bá yẹ, ó ní òun ti wà lọ́nà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin náà ti bi mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ìgbéraga dá a lóhùn.

Ṣáájú Àlàásárì ni wọ́n gbé e wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde tí kò ju ẹyẹlé lọ lójú mi, ó ń ké bí ọmọ ológbò, wọ́n sì yára gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń mú wọn móoru. N kò tíì lè yọ̀. Mo rò pé ó ti tán fún ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní rárá, gìrì lè dé lẹ́yìn ìbímọ náà, ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà di àkókò yìí lọ́la.

Àsìkò abẹ́rẹ́ tó kàn pé. Nọ́ọ̀sì gbé òòlù, ó kan orúnkún. Kò ta. Ó tún un kàn. Kò ta. Ó wo àpò ìtọ̀, díẹ̀ ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ìtọ̀ ni oògùn náà ń gbà jáde. Ó fi abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú ìgò kékeré mìíràn, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní ìyẹn ló ń pa agbára abẹ́rẹ́ ìdí náà, bó bá di dandan. Ó gbé ọwọ́ lé àyà àbúrò mi, ó ń ka èémí rẹ̀, ó ń wo aago. Èmi náà ń kà á. Mo ń kà, mo ń sọ lọ́kàn mi pé kí Ọlọ́run mú ohùn mi, kó mú ojú tí mo fi ń rán aṣọ, kó mú ohun tó bá wù ú lára mi. Ó pẹ́. Nọ́ọ̀sì tún gbé òòlù. Orúnkún náà ta, kékeré báyìí, bí ẹni tó ń ta lójú oorun. Nọ́ọ̀sì ní ká ṣì dúró díẹ̀ sí i. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Mo sunkún débi tí wọ́n ní kí n bọ́ síta.

Nígbà tó la ojú dáadáa lọ́jọ́ kejì, ahọ́n rẹ̀ wú, ó béèrè ẹ̀gúsí. Ó ní ṣé mo ti kó o nílẹ̀. Dókítà bi í ní ohun tó rántí, ó ní òun rántí pé òun ń bó ẹ̀gúsí, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti pòórá. Nọ́ọ̀sì àgbà náà dúró níbẹ̀, ó wò mí. Mo yí ojú kúrò. Mo gbàdúà lọ́kàn pé kí ọjọ́ tí mo gba náílọ̀n náà ti pòórá pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá wa sílẹ̀, ìyá àti ọmọ, ọkọ náà ti dé. Wọ́n tún di náílọ̀n méjì fún wa, pupa àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a délé, ọkọ rẹ̀ jáde lọ ra nǹkan, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ mi, mi ò lè ṣí dúróà. Àbúrò mi rọra jáde wá, ọmọ wà láyà rẹ̀, ó di náílọ̀n méjèèjì mọ́wọ́. Ó dúró tì mí.

Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kí n lò ó?"

Gbogbo ẹ̀rù tó ti bà mí, kò sí èyí tó tó èyí. Mo fọwọ́ bojú. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó o dá a dúró nígbà yẹn. Èmi ni. O ò rántí ni."

Ó ní, "Mo rántí. Ta ló tún lè sọ irú ẹ̀ fún mi tí n ó gbọ́?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ó ṣì na náílọ̀n náà sí mi, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀.